Lẹ́tà Tó Kù Sínú Ẹ̀rọ Kan Ṣoṣo

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ẹ̀ka kan, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú Ẹdẹ. Agboolé wa kò jìnnà sí ọjà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Iṣẹ́ mi kò le: mò ń tẹ lẹ́tà, mò ń fi ránṣẹ́, mò ń to ìwé sínú fáìlì, mo sì ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí í-meèlì ọ́fíìsì wa ṣe rí nígbà náà, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà lórí tábìlì mi. Inú rẹ̀ ni a ti ń ka lẹ́tà, inú rẹ̀ la ti ń fi ránṣẹ́. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń bá wa kó lẹ́tà wálẹ̀ láti orí ìńtánẹ́ẹ̀tì, bó bá sì ti kó wọn tán, á pa wọ́n rẹ́ lọ́hùn-ún. Èyí tí èmi bá kọ tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ẹ̀dà rẹ̀ ń wà. Kò sí níbòmíràn.

Ọ̀gá wa ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, ará Èkìtì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Àwọn kan ti já wọ inú í-meèlì tirẹ̀ rí, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kọ ìkọkúkọ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ kí lẹ́tà kankan sùn sórí ìńtánẹ́ẹ̀tì.

"Mà," ó sọ fún mi, "ohun tó bá wà nínú yàrá tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì, ìyẹn la lè pè ní tiwa."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Ọmọbìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Àkódà ló máa ń wá bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Òun ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ṣètò rẹ̀ kí àwọn lẹ́tà tí ẹ bá fi ránṣẹ́ náà máa wà lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá kú ńkọ́?"

Mo ní ọ̀gá kò fẹ́. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ti gbọ́, ó lọ.

Ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa tẹ́lẹ̀. Agboolé tó kángun sí tiwa ni wọ́n ti bí i. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà létí títì, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọkùnrin tó ń ta táyà àti ṣéènì. Ọmọ náà mọ̀wé. Òun ló gbégbá orókè nínú kíláàsì wọn lọ́dún tí wọ́n jáde, ọ̀gá wa sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ lọ kàwé kún ìwé lókè òkun, ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Ohun kan ló kù: kí ọ̀gá wa kọ lẹ́tà ẹ̀rí nípa rẹ̀, kí ọ́fíìsì wa sì fi í ránṣẹ́ láti inú í-meèlì wa, kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Iléyá ni mo ṣe iṣẹ́ náà. Àgbò ń ké nínú kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá níwájú géètì, èmi náà sì ti ń ronú aṣọ àwọn ọmọ mi tó ṣì wà lọ́dọ̀ aránṣọ. Ọ̀gá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń sọ ọ̀rọ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní, "Ẹ fi ránṣẹ́, mà."

Mo mú ìwé pélébé tí ọmọbìnrin náà kọ àdírẹ́sì sí, mo tẹ àdírẹ́sì, mo sì fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège lọ́jọ́ náà. Mo dúró, mò ń wo lẹ́tà náà títí tó fi kúrò láàárín àwọn tó ń dúró, tó sì bọ́ sáàárín àwọn tó ti lọ. Mo fi ojú ara mi rí i. Mo pe ọmọ náà lórí fóònù.

"Lẹ́tà rẹ ti lọ o."

"Ẹ ṣé gan-an, mà! Ọlọ́run á ṣe ti àwọn ọmọ yín náà ní rere."

Mo ní àmín, mo pa kọ̀ǹpútà, mo gba ilé lọ ṣọdún.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọdún kí iná tó ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́. Ọ̀sán gangan ni. Òjò ń ṣú, iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Nígbà tó máa padà dé, agbára tó gbé wá kì í ṣe kékeré. Gílóòbù orí mi bú, kọ̀ǹpútà dún pàì, òórùn nǹkan jíjóná gba inú yàrá. Mo fò dìde, mo fa wáyà yọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọ̀gá kọ̀wé béèrè òmíràn, wọ́n ní ká máa retí. Mo gbé èyí tó kú sí abẹ́ tábìlì, mo sì ń fi láptọ́ọ̀pù tí a yá lọ́wọ́ ọ́fíìsì kejì ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mi ò tíì jókòó dáadáa tí ọmọbìnrin náà fi wọlé. Kò kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́.

"Mà, wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà yẹn."

"Lẹ́tà wo?"

"Lẹ́tà ẹ̀rí. Wọ́n ní kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n ti fẹ́ fi àyè mi fún ẹlòmíràn."

Mo gba fóònù náà, mo kà á. Ohun tí wọ́n kọ ṣe kedere. Ọjọ́ tí wọ́n dá ti kọjá, wọn ò sì rí lẹ́tà kankan láti ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni ọ́fíìsì wa ti fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé, kí a fi ẹ̀dà èyí tí a fi ránṣẹ́ gan-an ṣọwọ́ sí wọn, tòun ti ọjọ́ àti wákàtí orí rẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Àwọn ò ní gba lẹ́tà tuntun.

"Ìṣojú mi ló lọ," ni mo wí.

"Mo mọ̀, mà. Ẹ pè mí lọ́jọ́ náà. Ẹ sáà bá mi fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn."

Ìgbà yẹn ni mo wo abẹ́ tábìlì. Òun náà wo ibi tí mò ń wò. Mo rí i pé ó ti yé e.

Mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo wọ inú í-meèlì ọ́fíìsì lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì, mo lọ sí fódà àwọn lẹ́tà tí a ti fi ránṣẹ́. Òfìfo ni. Mo tì í, mo tún un ṣí, bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò tó mọ̀ pé ọbẹ̀ ti tán níbẹ̀. Òfìfo náà ni. Mo pe ọmọbìnrin atúnkọ̀ǹpútàṣe. Ó ní òun wà ní Awo, òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé kan níbẹ̀, ọ̀la lòun máa tó lè dé.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn o, Mọ́mì. Ẹ má tan iná sí i rárá."

Nígbà tí ọ̀gá ti ìpàdé dé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ fi ránṣẹ́?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, tí iṣẹ́ ọdún wá gbà yín lọ́kàn?"

"Mo fi ránṣẹ́, sà. Mo rí i bó ṣe lọ."

Kò jiyàn. Ó kàn wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó sàn kó bú mi. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ọjọ́bọ̀ yẹn rò láti àárọ̀ títí di ìgbà tí mo wọ kẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe ń rò ó tó ni ó ń rú mi lójú tó. Ṣé mo rí i lóòótọ́? Àbí lẹ́tà mìíràn ni mo rí tó lọ? Nígbà tí mo délé, mi ò lè jẹun. Ọkọ mi béèrè ohun tó ṣe mí, mo ní orí ló ń fọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá ọmọ náà ló kọ́kọ́ dé. Gíríìsì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń fà á lápá, ó ń sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ." Ìyá náà já ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," mo kúnlẹ̀.

"Dìde. Mi ò wá gba ìkíni. Wọ́n ní o sọ pé o fi ìwé ọmọ mi ránṣẹ́."

"Mo fi ránṣẹ́, Màmá."

"Ta ló rí ọ?"

Mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ tábìlì.

"Èmi ò mọ̀wé," ó ń wí lọ, "ṣùgbọ́n bí mo bá ta ṣéènì fún ènìyàn, ó ń rí i gbé lọ. Ìwọ ńkọ́? Kí lo fi lé ọmọ mi lọ́wọ́? 'Ó ti lọ, ó ti lọ.' Níbo ló lọ?"

Àwọn ènìyàn ti ń yọjú láti àwọn ọ́fíìsì tó kù. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ wàyí, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Mo mọ ìyá rẹ kó tó bí ọ. Sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé o ò fẹ́ kí ọmọ ilé wa ṣíwájú ọmọ ilé yín ni?"

"Háà, Màmá! Ọlọ́run rí ọkàn mi."

"Ọlọ́run rí i. Èmi ni mi ò rí i."

Ó yíjú padà, ó jáde. Ọmọ náà dúró díẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì, òun náà sì sá tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo bú sẹ́kún. Ohun tó ń mú mi sunkún kò ju pé mo mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n rí lẹ́tà náà, kí gbogbo wọn wá wò ó, kí ojú tì wọ́n.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó di aago kan, ọmọbìnrin atúnkọ̀ǹpútàṣe dé pẹ̀lú eruku ọ̀nà Awo lórí bàtà rẹ̀. Ó tú ìdí kọ̀ǹpútà náà. Ibi tó ń pín iná fún un ti jó dúdú.

"Èyí ò dùn mí," ó ní. "Háàdì dísìkì ni kó má jóná."

Ó yọ ọ́ jáde, pátákó irin pẹlẹbẹ kan báyìí tí kò tóbi ju ìwé àdúà lọ. Mo ti ń rí kọ̀ǹpútà yẹn lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò mọ̀ pé ibi tí gbogbo lẹ́tà wa ń gbé kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ó dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó dákẹ́. Láptọ́ọ̀pù ní òun ò rí nǹkan kan. Ó yọ ọ́, ó nu ẹnu rẹ̀, ó tún so ó. Ó dún, ó tún dákẹ́.

"Mọ́mì, ẹ mí."

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó so ó, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. A dúró. Ó dún, ó dún, kò dákẹ́ mọ́, orúkọ àwọn fódà wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí láptọ́ọ̀pù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀ kó tó ṣe ohun mìíràn. Lẹ́yìn náà ló fi ètò í-meèlì kan ṣí wọn, ó wá ọjọ́ tí mo sọ fún un. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀! Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀. Orúkọ ọmọ náà wà lórí rẹ̀. Mo pariwo, mo dì mọ́ ọn.

Kò dì mọ́ mi padà.

"Mọ́mì," ó ní, "ẹ mú ìwé tí ọmọ yẹn kọ àdírẹ́sì sí wá."

Mo mú un láti inú fáìlì. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí i, álífábẹ́ẹ̀tì kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó dé ibì kan, ìka rẹ̀ dúró. Lórí ìwé pélébé náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àdírẹ́sì ní S níparí. Nínú èyí tí mo tẹ̀, kò sí S níparí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí.

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó ti padà," ni ọmọbìnrin náà wí, bí ẹni pé ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lọ sáàárín àwọn lẹ́tà tí mo ti pa rẹ́. Ó rí i níbẹ̀. Ìfitónilétí kan tó kún fún àwọn nọ́ńbà àti Gẹ̀ẹ́sì líle, pé ẹni tí a kọ̀wé sí kò sí níbi tí a kọ̀wé sí. Ó ti dé kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì lọ́jọ́bọ̀ yẹn. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí a ti ọdún dé, lẹ́tà tí mo bá nílẹ̀ pọ̀ bí eéṣú, mo sì rò pé ọ̀kan nínú ìsọkúsọ àwọn oníjìbìtì ni. Mi ò kà á dé ìlà kejì tí mo fi pa á rẹ́.

Mo jókòó. Mo ti fi ọjọ́ méjì búra, mo ti pe Ọlọ́run lẹ́rìí, mo sì ti gbàdúrà kí wọ́n rí ẹ̀rí náà. Wọ́n ti rí i.

Ọmọbìnrin náà bojú wo ilẹ̀kùn tó wà ní títì.

"Mọ́mì, mi ò ní kí ẹ ṣe é o. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń wò yìí, ọ̀rọ̀ lásán tó wà nínú fáìlì ni. Bí ènìyàn bá fi S kan kún un, kò sí ẹni tó máa tètè mọ̀. Ọjọ́ rẹ̀ á ṣì jẹ́ ọjọ́ rẹ̀."

Mi ò ní parọ́: mi ò kọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ro ti ìyá yẹn àti ohun tó máa sọ fún gbogbo agboolé. Mo ro ti ọ̀gá. Mo ro ti iṣẹ́ mi. S kan péré! Mo wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà tó dúró sórí láptọ́ọ̀pù.

"Bí wọ́n bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ tiwọn ńkọ́, tí wọ́n rí i pé nǹkan kan ò dé? Ọmọ yẹn ni wọ́n máa pè ní ayédèrú. Orúkọ rẹ̀ ló máa bàjẹ́, kì í ṣe tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ó mí kanlẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rù ti ń ba òun náà.

Mo kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Mo dúró níwájú tábìlì rẹ̀, mi ò jókòó. "Sà, a ti rí lẹ́tà náà. Mo fi ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ṣi àdírẹ́sì tẹ̀. Ìfitónilétí wá pé kò dé, mo sì pa á rẹ́. Ẹ̀bi mi ni."

Ó gbé bírò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Ọmọ tó ń bá wa tún un ṣe nìkan, sà."

"Ẹ pe ọmọbìnrin náà àti ìyá rẹ̀. Kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde kúrò nínú ọ́fíìsì yìí. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, èmi náà á fọwọ́ sí i." Ó wò mí. "Mo sì máa kọ ìwé 'wá wí tẹnu rẹ' fún yín, mà. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè ṣàì kọ ọ́."

"Mo mọ̀, sà."

Àti ìyá àti ọmọ, kò pẹ́ tí wọ́n fi dé. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá náà ní kí n fi hàn án. Mo gbé ìwé pélébé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo tẹ̀, mo tọ́ka síbi tí S ti sọnù. Kò lè kà á, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ ọn gan-an.

"Èyí kékeré yìí?"

"Òun ni, Màmá."

"Òun ló fẹ́ dínà mọ́ ọmọ mi?"

Mo doríkodò. Mo retí kí ó gbá mi létí, mo tilẹ̀ fẹ́ kí ó ṣe é. Ohun tó ṣe ni pé ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀ títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ṣe ohun tí o bá máa ṣe kíákíá."

Mo kọ lẹ́tà náà. Mo kọ pé akọ̀wé ọ́fíìsì ló ṣe àṣìṣe, pé ọmọ náà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A fi èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ so mọ́ ọn bó ṣe wà, pẹ̀lú ìfitónilétí tó padà wá. Nígbà tó kan àdírẹ́sì, ọmọ náà dúró lẹ́yìn mi, ó ń pè é ní álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, mò ń tẹ̀ ẹ́. A fi ránṣẹ́. Gbogbo Ọjọ́rú ni mo fi ń wo fóònù. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, kò sí èsì.

Èsì dé lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló pè mí. Wọ́n gba lẹ́tà náà. Wọ́n ní ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè tọdún yẹn ti kún. Àwọn tó máa wọlé lóṣù kìíní ni wọ́n fi í sí, kò sì ní tún ìwé kankan kọ mọ́.

"Mà, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Mo gbọ́ ọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kọ̀ǹpútà tuntun dé, ọmọbìnrin atúnkọ̀ǹpútàṣe sì wá. Ọ̀gá gbé àga tirẹ̀ jáde, ó jókòó tì wá. Ó ní òun ti ronú sí i, ṣùgbọ́n kí atúnkọ̀ǹpútàṣe náà ṣàlàyé ohun gbogbo fún òun kó tó ṣe é.

"Bí wọ́n bá já wọ inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Dádì, ẹni tó bá fẹ́ wọlé, páásíwọ́ọ̀dù nìkan ò ní tó o. Nọ́ńbà kan á wá sórí fóònù ọ́fíìsì, àfi kó ní ìyẹn náà."

Ọ̀gá ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Atúnkọ̀ǹpútàṣe náà ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò í-meèlì wa. Ó yí i padà kí lẹ́tà tó bá wọlé má ṣe parẹ́ lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Lẹ́yìn náà ló dé ibi tí ètò náà ti ń béèrè pé níbo ni kí òun máa fi ẹ̀dà àwọn lẹ́tà tí a bá fi ránṣẹ́ sí. Inú kọ̀ǹpútà yìí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní èmi ni kí n yí i. Mo yan fódà tó wà lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo kọ lẹ́tà kékeré sí ara mi láti dán an wò. Ọ̀gá ṣí fóònù rẹ̀. Kò rí i níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà wò ó fínnífínní, ó ní fódà méjì ló wà tí orúkọ wọn jọra, ọ̀kan nínú ẹ̀rọ, ọ̀kan lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì, èmi sì ti mú èyí tí kì í ṣe òun. Mo tún un yàn, mo tún lẹ́tà kọ. Ọ̀gá ń wo fóònù, àwa méjèèjì ń wo ojú ọ̀gá.

"Ó ti dé," ó ní. Ó kà á sókè: "'Mò ń dán an wò.'"

Ó wá kan àwọn lẹ́tà àtijọ́, èyí tí ọmọ náà ti gbà là. Ó ń kó wọn lọ sórí ìńtánẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń lọ bí ìgbín. Ní àárín rẹ̀, iná lọ. Ọmọ náà ní ká má bẹ̀rù, òun kò kó wọn kúrò níbi tí wọ́n wà, ẹ̀dà ni òun ń ṣe. Nígbà tí iná dé, ó ń bá a lọ; síbẹ̀, mi ò kúrò nídìí rẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́rin kí èyí tó kẹ́yìn tó gòkè.

Ìwé tí ọ̀gá kọ fún mi ṣì wà nínú fáìlì mi. Mo dá a lóhùn, mi ò wá àwáwí kankan. Ọmọ agboolé kejì lọ sókè òkun lóṣù kìíní. Ọjọ́ tó fẹ́ lọ, mo lọ sí agboolé wọn láti kí i, ẹ̀rù sì ń bà mí láti wọlé. Ìyá rẹ̀ ló bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín, kò sì lé mi.

"Ó wà nínú yàrá," ó ní. "Ó ń di ẹrù. Lọ bá a dì í."

Mo wọlé, mo bá a dì í.